Omi Eérú Tí Ọmọ Èjìnrìn Tọ́ Wò

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, mo mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ tíṣà kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkòròdú, mo sì gbé àpò ìwé mi dé ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán wá tún ayé ṣe. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, mo fi ogójì ìṣẹ́jú gbáko sọ Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn nípa ásíìdì àti béèsì. Nígbà tí mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ọmọkùnrin kan nawọ́.

"Mà, ṣé èyí tí ẹ sọ yìí máa jáde nínú ìdánwò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà!" ni gbogbo kíláàsì wí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó gbọ́ pé ilé ń jó.

Ilé-ìwé wa ní láàbù. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a kò ní. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àkọlé, ó sì ní àgádágodo tó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn àsíá ọjọ́ eré ìdárayá, àwọn àga tó ti kán lẹ́sẹ̀, àti àwòrán egungun ènìyàn kan tí ikán ti jẹ títí dé orúnkún. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ kóòtù nínú ooru tí ewúrẹ́ pàápàá fi ń wá ibòòji. Ọmọ apẹja ni, ní Ìbẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti dé ipò yẹn, kò sí ẹni tó tún gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ nínú ọgbà. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá sọ èdè abínibí yóò jìyà.

Ọwọ́ rẹ̀ náà ni lítímọ́sì wà, àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń ki bọ inú nǹkan olómi láti mọ̀ bóyá ásíìdì ni tàbí béèsì. Ìwé kékeré kan ṣoṣo ni, ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Sà, mo fẹ́ lo lítímọ́sì."

"Ti àwọn alábẹ̀wò ni."

"Ṣé àwọn alábẹ̀wò ló máa jókòó ṣe ìdánwò ni, sà?"

"Bí wọ́n bá dé tí wọ́n béèrè ohun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ni kí n fi hàn wọ́n? Ṣé ìwọ ni?"

Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ gbogbo èyí, ó sì gùn ju báyìí lọ. Mo ti bá a gé e.

Ìwé orúkọ kan tún wà tó ń dààmú mi ní àkókò náà. Kíláàsì sáyẹ́nsì ti kún jù. Ọmọ mẹ́rin ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ fún méjì, ẹni tó wà létí sì ní láti fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ kí ó má bàa ṣubú. Igbákejì ọ̀gá ní bí táàmù bá ti parí, ọmọ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, tí òun ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé náà, yóò kọjá sí ẹ̀ka okòwò. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀ka okòwò. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé wa, wọ́n gbà pé àwọn ọmọ sáyẹ́nsì ni Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, pé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló mọ àwọn ti okòwò, pé amọ̀ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ àwọn tó ń kọ́ ìtàn àti lítíréṣọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀, nítorí pé ó pọ́n mi lé.

Orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Èjìnrìn ni, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Lásùnwọ̀n. Bí mo bá pè é láti dáhùn ìbéèrè, á dìde, á wo bàtà rẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí tí àánú á fi ṣe mí. Lẹ́ẹ̀kan tí mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la, àwọn yòókù kọ dókítà, ẹnjiníà, gómìnà. Òun kọ "apòògùn", ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí rẹ̀ yìí, télọ̀ ni, ó wá bá mi ní ilé-ìwé tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Àǹtí, ẹ káàsán o. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ lé ọmọ mi kúrò ní sáyẹ́nsì."

"Wọn ò lé e, mà. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀ka okòwò ni."

"Ẹ gbọ́ mi. Ìyá wa ní Èjìnrìn, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè. Nítorí sáyẹ́nsì ni wọ́n ṣe yọ̀ǹda ọmọ yìí fún mi. Wọ́n ní bí kò bá ti sí sáyẹ́nsì mọ́, kí ó padà wá sídìí ìkòkò. Ọjọ́ tí ó bá sì ti padà, ó tán nìyẹn, kò tún ní jáde mọ́. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín."

Mo bẹ igbákejì ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí èdè yẹn nìkan ni etí rẹ̀ ń gbà. Ó ní òun yóò wá jókòó sí kíláàsì mi fúnra òun ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Bí ọmọ náà bá lè ṣe ohun tí a kọ́ ọ lójú òun, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, òun yóò fa ìlà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bí kò bá lè ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má tún bẹ òun mọ́.

Báyìí ni mo ṣe dé ìdí sóbò. Ní àwọn ọdún náà, kò sí géètì ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú tí wọn kì í ti tà á nínú ọ̀rá. Òdòdó ìṣápá pupa tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n ń sè, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì sì ti sọ fún wa rí pé pupa rẹ̀ máa ń yí padà bí béèsì bá kàn án. Mo ra ìṣápá, mo sè é nílé, mo rọ ọ́ sínú ìgò. Lẹ́yìn náà mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí oníkálùkù mú nǹkan olómi kan wá láti ilé. Mo kìlọ̀ fún wọn, mo tún kìlọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ nǹkan kan wò.

Ní ọjọ́ kejì, kíláàsì mi ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé ogójì ilé. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, omi kán-ún wà níbẹ̀, omi kíkan orí ògì wà níbẹ̀. Ẹnì kan jí àgbo ibà bàbá rẹ̀ gbé, bàbá náà sì wá béèrè rẹ̀ ní ọ̀sán. Ọmọ mẹkáníìkì kan gbé omi bátìrì wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni tó ń gba ọmọ tó fẹ́ tọ̀ sára ẹni, mo sì gbé e padà fún bàbá rẹ̀ fúnra mi. Ọmọ ẹ́sítéètì kan wà tí bàbá rẹ̀ máa ń jáde lọ síṣẹ́ ní Èkó kí àkùkọ tó kọ. Òun mú omi ìfọnu wá.

"Lọ́ńdọ̀nù ni Dádì mi ti rà á," ni ó wí fún gbogbo ayé.

Nígbà tí a kán sóbò sí i, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kán sínú omi kànga ilé-ìwé. Ọmọ náà wo ìgò yẹn bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dalẹ̀.

Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì àárín. Ọmọ kan mú omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó jókòó tì í sì mú hàǹtú wá, omi tí ààfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà.

"Mà, ẹ má fi sóbò sí tèmi. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbàdúrà sí i."

"Ẹ fi sí i, mà! Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó lágbára jù."

"Tìẹ lè jẹ́ ásíìdì o."

"Ásíìdì ni bàbá rẹ!"

Mo ní kí oníkálùkù gbé tirẹ̀ padà sílé. Ìyẹn nìkan ni ìpinnu ọlọ́gbọ́n tí mo ṣe ní gbogbo ọdún náà.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bu nǹkan olómi kọ̀ọ̀kan sínú ife, mo kán sóbò díẹ̀ sí i. Inú omi ọsàn, ó pọ́n fòò. Inú omi kán-ún, ó di àwọ̀ ewé lójú gbogbo wa, ariwo tí àwọn ọmọ pa sì mú kí tíṣà kíláàsì kejì fi rúlà gbá ògiri. Mo ń gbéra ga lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ Èjìnrìn. Ìgò kékeré kan wà níwájú rẹ̀, omi inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì.

"Kí ni èyí?"

Ó ṣí ìgò náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka náà kan ṣóńṣó ahọ́n, ó sì di ojú bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti òkèèrè.

"Ó ti gbó, mà," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Mo fi ìbínú bo ìbẹ̀rù mọ́lẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́? Ṣé gbogbo ohun tí o bá ti rí lo máa lá?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti iwájú ké, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Mo lé ọmọ náà síta nítorí ẹ̀ṣẹ̀ méjì: ó tọ́ nǹkan wò, ó sì sọ Yorùbá. Ó lọ dúró sábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí fèrèsé, ó ń wò wá láti ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ó jáde tán ni mo kán sóbò sínú omi rẹ̀. Ó di àwọ̀ ewé, ó kọjá àwọ̀ ewé, ó ń lọ sí àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n létí. Kò sí ọṣẹ kan, kò sí kán-ún kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Béèsì tó lágbára jù lọ nínú kíláàsì wà níwájú mi, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lábẹ́ igi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kò wá sí ilé-ìwé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ ní Lásùnwọ̀n.

"Ó ti lọ sí Èjìnrìn láti àná. Ó kó àpò rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ṣe kẹ́mísìrì mọ́, pé tíṣà wọn ní ewúrẹ́ ni òun." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà wo nìyẹn, àǹtí?"

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mo sọ̀ lẹ́yìn Ìtòikín, mo sì gun ọ̀kadà dé etí ọ̀sà. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àwọn ìsọ̀ ṣófo, wọ́n dojú àwọn ọkọ̀ ọpọ́n kan délẹ̀ sórí iyanrìn. Kò ṣòro láti rí ilé aṣọṣẹ. Èéfín ló júwe ọ̀nà fún mi.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà ọmọ mi," ni ìyá àgbà náà wí. Nígbà tí ó wá rí ojú mi dáadáa, ó ní, "Háà, ọmọdé ni ọ́ kẹ̀! Jókòó."

Mo jókòó. Mo ní mo wá bẹ ọmọ wọn.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo pè é ní ewúrẹ́, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ti pè é ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ yìí. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyẹn ò dáa," ni ó wí.

Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìkòkò. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò bẹ ọmọ tí mo ń kọ́ rí láyé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, mà," èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ìdáhùn.

Ajere ńlá kan wà lórí ìkòkò, eérú èèpo kòkó ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti da omi lé eérú náà lórí, omi náà sì ń kán sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá àgbà pe ọmọ náà. Ọmọ náà fi ìka kan omi náà, ó fi kan ahọ́n, ó dúró, ó tutọ́, ó sì fi omi ṣan ẹnu.

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Wọ́n gbé omi tó ti kán náà, wọ́n tún dà á lé eérú lórí. Ìyá àgbà yíjú sí mi.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí ní yunifásítì?"

"Béèsì, mà."

"Béèsì." Ó yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó ń wá egungun nínú rẹ̀. "Kí lẹ fi ń mọ̀ bí ó bá ti gbó?"

"A ní bébà kan tí a fi ń mọ̀ ọ́n, mà."

"Bébà ọ̀hún dà?"

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ta ló ń lò ó?"

"Kò sí ẹni tó ń lò ó, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ó rán ọmọ náà lọ pọnmi, ó sì sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ahọ́n òun ti kú. Ó di ọdún kejì báyìí. Bí òun kò bá fojú rí ata, òun kò mọ̀ pé ó wà nínú ọbẹ̀. Bí omi eérú kò bá gbó, ọṣẹ kò ní mú. Bí ó bá gbó jù, á máa bó àwọn ènìyàn lára, wọn kò sì ní rà á lọ́wọ́ òun mọ́.

"Ọmọ yẹn ni ahọ́n mi. Gbogbo Sátidé ló ń wá láti Ìkòròdú wá bá mi tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá dá a padà fún mi, ó dáa fún mi. Bí ẹ ò bá dá a padà, ó dáa fún un. N kò ní jà sí èyíkéyìí. Ẹ ṣáà má mú un jókòó síbi tí kò ti ní kọ́ nǹkan kan."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ọmọ náà padà sí Lásùnwọ̀n.

Ọjọ́ igbákejì ọ̀gá pé. Ó yẹ kí n se sóbò mi nílé bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣápá mi ti tán, mo sì ní ohun tó ṣe pàtàkì jù láti ṣe: mo ń wá bàtà onígìgísẹ̀. Mo ra sóbò odidi kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á ní géètì. Mo yá àwọn ife gíláàsì gíga lọ́wọ́ tíṣà tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè. Dípò kí n kán sóbò sínú nǹkan olómi kọ̀ọ̀kan, mo rọ sóbò kún àwọn ife náà, kí àlejò wa lè rí àwọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì.

Ó wọlé tòun ti kóòtù, ó jókòó, ó gbé ìwé orúkọ lé orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo kán omi ọsàn sínú ife kìíní: pupa. Mo kán omi kán-ún sínú ìkejì: pupa. Mo kán omi ọṣẹ sí ìkẹta, omi eérú sí ìkẹrin: pupa, pupa. Mo ru ú. Mo gbé e sókè síbi tí oòrùn wà. Mo sọ̀rọ̀ nípa ooru, mo sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́, ó kù díẹ̀ kí n dá ìjọba lẹ́bi. Igbákejì ọ̀gá ṣí ìdérí kálàmù rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnì kan dìde tí ẹnikẹ́ni kò pè.

"Mà, ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú sóbò yẹn."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Gbogbo kíláàsì wo igbákejì ọ̀gá.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni mo bi í.

"Wọ́n máa ń fún un sí i kí ó má bàa tètè bàjẹ́ ni, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀? O tún ti tọ́ nǹkan wò?"

"Mo máa ń mu ún ni, mà. Gbogbo wa la máa ń mu ún."

"Òótọ́ ni, mà!" ni kíláàsì wí.

Ó ti ń bọ̀ níwájú. Ó da gbogbo ife mi sínú ike kan, ó rọ èyí tó mọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì sínú abọ́ kan, ó sì ṣí ìgò omi eérú rẹ̀. "Ó ti kan jù," ni ó ń wí fún ara rẹ̀, "ká kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́." Ó kán ọ̀kan, ó rò ó. Ó kán òmíràn, ó tẹ abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó. Kò yára. Kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé a wà níbẹ̀. Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó wá di elése àlùkò. "Ó tó," ni ó wí, ó sì pín in sínú àwọn ife kéékèèké. Ó kán ọsàn sí ọ̀kan, pupa padà wá. Ó kán kán-ún sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé.

Àwọn ọmọ ò pariwo. Igbákejì ọ̀gá ni wọ́n ń wò. Ó dìde, ó yọ ìgò kékeré kan tí nǹkan funfun wà nínú rẹ̀ láti inú àpò kóòtù, ó sì nà án sí i láìsọ ohun tí ó jẹ́. Ọmọ náà mì í, ó kán an sínú ife kẹta. Àwọ̀ ewé tó rẹlẹ̀ ló jáde.

"Béèsì ni, sà. Kò lágbára tó ti eérú."

"Oògùn inú mi ni," ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. "Ṣàlàyé ohun tí o ṣe."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì jáde, ẹ̀kẹta kò tẹ̀ lé wọn. Ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ tí kálàmù ń tẹ bébà tíkí-tíkí.

Igbákejì ọ̀gá rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó tì í. Ó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

Ó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ó ní kíkan ti ásíìdì àti títa ti béèsì kò lè gbé inú abọ́ kan náà. Wọ́n á máa jẹ ara wọn títí ọ̀kan á fi tán. Ó ní ọsàn ti kún inú sóbò tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo béèsì díẹ̀ tí tíṣà ń kán sí i, ìjà yẹn ló ń bá lọ, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí ojú lè rí. Ó ní ó yẹ kí a kọ́kọ́ parí ìjà kí a tó pe àlejò wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó ọ̀rọ̀ yẹn.

"Omi ọ̀sà ńkọ́?" ni igbákejì ọ̀gá bi í, ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga. "Níbi tiwa ní Ìbẹ́ṣẹ̀, ó máa ń ní iyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn."

"Iyọ̀ kì í kan, sà, kì í sì í ta. Ahọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

"Ìyá mi máa ń wí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Ó fa ìlà pa orúkọ kìíní nínú ìwé náà rẹ́.

Kíláàsì pàtẹ́wọ́ títí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún kóòtù wọ̀. "Lọ́jọ́ ìdánwò àṣejáde, kò sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn fún ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á bi ọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́ ọ. Ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́sàn-án."

"Sátidé, sà?"

"Ṣé ibì kan wà tí o máa ń lọ ni?"

Ó wò mí. Èmi náà wò ó. "Rárá, sà," ni ó wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sábẹ́ agbòòrùn obìnrin tó ń ta ìpè fóònù ní Lásùnwọ̀n. Aládùúgbò kan ló ní fóònù ní Èjìnrìn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó pe ìyá àgbà dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí ó dé, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, nítorí ó gbà pé Ìkòròdú jìnnà, àfi kí òun pariwo.

"Wọ́n ní kí n dúró, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa wá sí ilé-ìwé ní Sátidé."

"Sátidé wo?"

"Gbogbo Sátidé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ta ló máa tọ́ ọ wò fún yín?"

"Ọdún mélòó ni mo fi ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó bí ọ? Lọ kàwé rẹ."

Ọmọ náà di fóònù mú. Omi ti lé e lójú. Lójijì ó ní, "Ìyá àgbà, ojú yín ńkọ́? Ẹ ṣì ń ríran dáadáa?"

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ẹ ra ìṣápá pupa. Ẹ sè é, kí ẹ má fi ọsàn sí i o. Ẹ kán an sínú omi eérú. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, kò tíì gbó. Bí ó bá kọjá àwọ̀ ewé, tó ń pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti gbó."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Tíṣà wa ni, mà."

N kò kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé n kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò já a nírọ́.

"Sọ fún un kó wá sè é lójú mi," ni ìyá àgbà wí. "Ọmọdé tó ń ti bébà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, n kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lórí fóònù."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọmọ náà wà níwájú igbákejì ọ̀gá, mo wà lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ọ̀rá ìṣápá kan. Mo sè é. Mo kán an sínú omi eérú nínú àwo funfun kan. Ó di àwọ̀ ewé, ó kọjá rẹ̀, ó pọ́n létí bó ti yẹ. Ìyá àgbà tẹ̀ ba mọ́ àwo náà, ó wò ó títí, ó gbé e síbi tí oòrùn wà, ó tún wò ó.

"Ó dára láti wò," ni ó wí. Ó nà án sí mi. "Ó yá, tọ́ ọ wò fún mi."

"Ó ti hàn nínú àwo, mà."

"Mo rí i. Tọ́ ọ wò."

Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo sì yọ ahọ́n síta.